John von Neumann: onímọ̀ ìṣirò tí ogún rẹ̀ dé ojú títì

Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì lójú títì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níwájú: bóyá ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn, bóyá ọkọ̀ ẹrù kan kú sójú ọ̀nà, bóyá ọlọ́pàá ló dá àwọn ènìyàn dúró. A ó máa na ọrùn wò. Nígbà tí ó bá yá, ọ̀nà á là, a ó sì kọjá, ṣùgbọ́n a kò ní rí jàǹbá, a kò ní rí ọlọ́pàá. Kí ni ó wá fa ìdúró náà? Àwọn tí ó rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lo irinṣẹ́ mẹ́ta. Ọwọ́ ọkùnrin kan wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ọkọ̀ ni ó ń rò nígbà tí ó ń ṣe wọ́n. John von Neumann ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Ọmọ Budapest

Ìlú Budapest ní ilẹ̀ Húngárì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Ní àkókò náà, ọba kan ṣoṣo ni ó ń jẹ lórí Húngárì àti Austria. János ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, Neumann sì ni orúkọ ìdílé wọn. Júù ni wọ́n. Miksa bàbá rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ tó ẹnu dáadáa. Ní ọdún 1913 ọba fi bàbá náà joyè, oyè yìí ni ó sì bí «von» tí ọmọ fi síwájú orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó dé ilẹ̀ Jámánì. János ni àkọ́bí nínú ọmọkùnrin mẹ́ta.

Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ pé orí rẹ̀ kò dà bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ròyìn pé nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6, ó lè fi nọ́ńbà gbọọrọ kan pín òmíràn láìfi ọwọ́ kan ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìjọ Luther ní Budapest ni ó lọ. László Rátz, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, tètè rí i pé ohun tí ọmọ náà mọ̀ ti kọjá ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n lè wá olùkọ́ yunifásítì tí yóò máa kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Bàbá rẹ̀ kò kọ ìmọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọmọ òun ní iṣẹ́ tí ó lè fi jẹun. Ọmọ náà gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu, kò sì fi ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sílẹ̀. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Berlin, lẹ́yìn náà ní Zürich ní ilẹ̀ Swítsàlandì, ó sì tún forúkọ sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣirò ní Budapest. Ní ọdún 1926, ó gba ìwé ẹ̀rí méjèèjì: ti ẹnjiníà kẹ́mísìrì ní Zürich, àti ti ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Budapest. Kò tíì pé ọmọ ọdún 23.

Ó kọ́ni ní Berlin àti ní Hamburg. Ní ọdún 1928 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé eré tí ènìyàn méjì ń ṣe, nínú èyí tí ohun tí ẹnì kan yóò jẹ ti wà lọ́wọ́ ohun tí ẹnì kejì bá ta. Láti ọdún 1930 ni ó ti ń kọ́ni ní Princeton, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọdún 1933, Hitler gba ìjọba ní Jámánì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn Júù kúrò ní yunifásítì. Ọdún yẹn gan-an ni von Neumann di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí gíga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Princeton, níbi tí Albert Einstein náà wà. Kò padà gbé ní Yúróòpù mọ́. Ní ọdún 1937 ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ náà ni János ti di John.

Ogun àti ẹ̀rọ ìṣirò

Ní ọdún 1943 wọ́n pè é sí Los Alamos, ibi ìkọ̀kọ̀ kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ̀mù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi ìṣirò ṣàlàyé bí ohun ìjà abúgbàù tí wọ́n tò yí plutonium ká yóò ṣe fún un pọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú bọ́ǹbù yìí ni ó pa Nagasaki run ní ilẹ̀ Japan, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó jókòó láti yan àwọn ìlú tí wọ́n máa ju bọ́ǹbù sí. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Àwọn irinṣẹ́ tí ó wá wúlò fún ojú títì lónìí, inú agbo iná ogun ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde.

Ìṣirò bọ́ǹbù náà kò tán bọ̀rọ̀. Yàrá kan kún fún àwọn ènìyàn tí ń tẹ ẹ̀rọ kéékèèké láti àárọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kò yá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1944, von Neumann ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Aberdeen, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan, Herman Goldstine, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, rí i, ó sì lọ kí i. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ni von Neumann ti gbọ́ pé ní Philadelphia, J. Presper Eckert àti John Mauchly ń kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa fi iná mànàmáná ṣírò. ENIAC ni wọ́n pè é. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, gílóòbù inú rẹ̀ sì sún mọ́ 18 000.

Agbára ENIAC kò kéré, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lórí ìṣirò kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ní láti tú okùn waya, kí wọ́n tún un so, èyí tí ó lè gba odidi ọjọ́ mélòó kan. Nínú ìwé kan tí von Neumann kọ ní ọdún 1945, ó ṣàlàyé ẹ̀rọ mìíràn, nínú èyí tí àṣẹ iṣẹ́ àti nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ ṣírò yóò jọ máa gbé nínú ìrántí ẹ̀rọ. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ mìíràn kò ní tú waya mọ́. Àṣẹ tuntun ni yóò kọ sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ilé iṣẹ́ wa àti fóònù tí ó wà lápò wa lónìí ṣì ń tẹ̀lé ìlànà náà. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó hàn lórí ìwé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ Eckert àti Mauchly ti jọ ronú lórí ọ̀rọ̀ náà. Inú wọn kò dùn sí i, àríyànjiyàn tí ó bí kò sì tán títí di òní.

Eré káàdì Ulam

Irinṣẹ́ kìíní nìyẹn. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn aláìsàn. Ní ọdún 1946, Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Pólándì tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ von Neumann, ń gbádùn lẹ́yìn àìsàn líle kan. Eré káàdì tí ènìyàn kan ń dá ṣe ni ó fi ń pa ọ̀fọ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, nínú ọ̀nà tí wọ́n lè gbà po káàdì, mélòó ni yóò jẹ́ kí òṣèré jẹ eré náà? Ó gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀, ó rí i pé kò ṣeé ṣírò tán. Ìgbà náà ni ó rò ó pé ohun tí ó rọrùn jù ni kí ènìyàn ṣe eré náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kí ó sì ka iye ìgbà tí ó jẹ.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni ó dà bí, ṣùgbọ́n von Neumann rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun púpọ̀ ní ayé kò ṣeé fi ìlànà ìṣirò kan dáhùn, nítorí èèṣì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan bá wà tí ó yára, ó lè ṣe eré náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kí a sì wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1947, ó kọ lẹ́tà kan sí Los Alamos tí ó fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ní ọdún 1948 wọ́n gbé iṣẹ́ náà lórí ENIAC, Klára ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà tẹ̀lé. Monte Carlo ni wọ́n sọ ọgbọ́n yìí, ní orúkọ ibi tí ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ lókìkí ní Monaco.

Láti ìgbà náà ni von Neumann ti ń wá iṣẹ́ mìíràn fún kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti ogun. Ní ọdún 1950, òun àti àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́, tí Jule Charney ṣáájú wọn, fi ENIAC sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí lórí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ náà falẹ̀ débi pé àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí 24 láti ṣe. Àmọ́ ohun kan ti hàn: ènìyàn lè kọ́ àwòrán ayé sínú ẹ̀rọ, kí ó sì jẹ́ kí ó máa rìn níbẹ̀ kí ti òde tó ṣẹlẹ̀.

Irinṣẹ́ kẹta ni a lè fi ọpọ́n ayò ṣàpèjúwe. Von Neumann fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan lè bí irú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹranko ti ń bímọ. Ulam gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ro ọpọ́n gbàràmù kan tí ó kún fún ojú kéékèèké. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ipò tí ó wà. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò wo àwọn ojú tí ó yí i ká, yóò sì yí ipò padà gẹ́gẹ́ bí òfin kan tí ó kan gbogbo wọn bákan náà. Kò sí ọ̀gá tí ń pàṣẹ fún odidi ọpọ́n. Nínú ọpọ́n tí von Neumann ṣe, ojú kọ̀ọ̀kan lè wà ní ipò 29, ó sì fi hàn pé ẹ̀dá tí ó lè ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lè wà nínú irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀. Kò parí ìwé tí ó ń kọ lórí rẹ̀; Arthur Burks ni ó bá a ṣe é tán, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1966.

Awakọ̀ tí kò mọ ọkọ̀ wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tí ó bá von Neumann gbé ròyìn pé kò sí ohun tí ó fẹ́ràn tó ọkọ̀, kò sì sí ohun tí ó burú lọ́wọ́ rẹ̀ tó ìwakọ̀. Wọ́n ní a máa ka ìwé nígbà tí ó bá ń wa ọkọ̀, a máa sáré àsápajúdé, ọlọ́pàá a sì máa mú un. Ó ba ọkọ̀ jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, a sì tún ra tuntun. Ènìyàn ọlọ́yàyà ni. Àríyá kì í wọ́n nílé rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ariwo kì í sì í dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1955 ó di ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nà tí ń ṣàkóso ọ̀ràn átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà. Ọdún náà ni wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ ní ara rẹ̀. Láìpẹ́, kò lè rìn mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó wà ní ọdún 1956 nígbà tí Ààrẹ Eisenhower fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Washington ni ó dùbúlẹ̀ sí ní ìgbẹ̀yìn. Ó ti ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Kátólíìkì ní nǹkan bí ọdún 1930, láìkà á sí púpọ̀. Nísinsìnyí ó ní kí wọ́n pe àlùfáà wá. Ó ṣòro fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kì í sinmi láti gbà pé ọpọlọ náà ń lọ. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1957, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 53. Princeton ni wọ́n sin ín sí.

Ọpọ́n ayò dé ojú títì

Kí ó tó kú ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà wo ìrìn ọkọ̀. Ní ọdún 1955, D. L. Gerlough ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ṣùgbọ́n ọdún 1992 ni irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní ibì kan. Kai Nagel àti Michael Schreckenberg, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì méjì, gbé iṣẹ́ kúkúrú kan jáde nínú Journal de Physique I, tí wọ́n ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà.

Wọ́n pín títì sí ojú, bí ti ọpọ́n ayò tí wọ́n nà gbọọrọ. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 7,5, àyè tí ọkọ̀ kan ń gbà nígbà tí ọkọ̀ bá tò tẹ̀lé ara wọn láìrìn. Ojú lè ṣófo, tàbí kí ọkọ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ méjì kì í gbé ojú kan. Eré ọkọ̀ jẹ́ nọ́ńbà láti 0 dé 5, èyí ni iye ojú tí yóò sún ní ìṣísẹ̀ kan. Òfin mẹ́rin péré ni awakọ̀ inú ẹ̀rọ ń tẹ̀lé. Bí eré rẹ̀ kò bá tíì tó 5, kí ó fi ẹyọ kan kún un. Bí ojú tí ó ṣófo níwájú kò bá tó eré rẹ̀, kí ó dín eré kù títí yóò fi bá àyè mu, kí ó má baà kọlu ẹni iwájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀rọ ṣe bí ẹni da owó ẹyọ: nígbà mìíràn, awakọ̀ yóò dín eré rẹ̀ kù ní ẹyọ kan láìnídìí, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ díẹ̀. Ìkẹrin, kí ó sún.

Òfin kẹta yìí ni Monte Carlo wà, ibẹ̀ náà sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ṣọ̀wọ́n, ìdẹ̀rẹ̀ awakọ̀ kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó dẹ̀rẹ̀ díẹ̀ yóò mú kí ẹni tí ó tẹ̀lé e fọwọ́ mú bíréèkì, èyí tí ó tẹ̀lé ìyẹn yóò mú un jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ẹnì kan lẹ́yìn yóò fi dúró pátápátá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé, kò sì sí jàǹbá, kò sì sí ọlọ́pàá. Ìdúró náà kì í gbé ojú kan. Ẹ̀yìn ni ó ń rìn sí, bí àwọn tí ó wà níwájú ti ń jáde kúrò nínú rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn sì ń wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá gba ẹ̀rọ gbọ́ lè wo ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà rìbìtì kan tí ó gùn ní mítà 230, wọ́n sì ní kí àwọn awakọ̀ máa lọ ní eré kan náà, kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Kò sí oríta, kò sí iná ojú pópó, kò sí ohun ìdíwọ́ kankan. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń dúró, ìdúró náà sì ń rìn sẹ́yìn yí rìbìtì náà ká, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti wí.

Nígbà tí ó ṣe, Nagel lọ ṣiṣẹ́ ní Los Alamos, ibi kan náà tí von Neumann ti ṣírò bọ́ǹbù. Níbẹ̀, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ́ ètò kan tí wọ́n pè ní TRANSIMS, tí ń fi àwọn ará ìlú àti ìrìn àjò wọn sínú kọ̀ǹpútà: ẹni tí ń lọ ibi iṣẹ́, ẹni tí ń lọ ọjà, ẹni tí ń mú ọmọ lọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n dán an wò lórí Dallas àti Portland ní Amẹ́ríkà. Nínú irú ìlú inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ṣètò ọ̀nà lè ti afárá kan, kí wọ́n wo ibi tí ọkọ̀ yóò ya sí. Wọ́n lè yí àkókò iná ojú pópó padà, wọ́n lè fi ọ̀nà bọ́ọ̀sì kún títì. Bí ó bá bàjẹ́, inú ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́ sí. Kò sí ẹni tí ó kú, a kò sì tíì da kọnkéré.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í mọ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ọ̀nà ńláńlá ilẹ̀ Jámánì, tí ọkọ̀ ń tò lọ ní ẹsẹẹsẹ, ni Nagel àti Schreckenberg ń rò. Ojú mítà 7,5 kò lè ṣàpèjúwe zémìjàn tí ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá ní Kútọnù, tàbí ìyá ọlọ́jà tí ń fi ẹrù lórí dá títì kọjá. Ẹni tí yóò bá lo ọgbọ́n yìí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ní oríta, kí ó ka alùpùpù, kí ó ka ẹlẹ́sẹ̀, kí ó sì gé ojú ọpọ́n rẹ̀ kéré sí i. Àìka ẹnì kan mọ́ra nínú ìṣirò ni yóò di àìní àyè fún un lójú títì tí wọ́n bá kọ́.

Von Neumann kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí. Ó fi òye rẹ̀ ṣe ohun tí ó pa ìlú run, òye kan náà ni ó sì wà nínú ohun tí a fi ń tún ìlú ṣe. Nígbà mìíràn tí ọkọ̀ bá dá wa dúró láìnídìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí bú ẹni iwájú, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìdẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ti ẹnikẹ́ni nínú wa tó láti dá a sílẹ̀.